Ààfin Dahoro, Oko Ńkọ́?

Olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìtàn ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn Maya ìgbàanì ni ọ̀kan nínú wọn bá dìde, ó ní, ‘Àwọn ọba wọn kọ̀wé sára òkúta, ìyẹn la fi mọ ìtàn wọn. Àwọn àgbẹ̀ tí ilé wọn jẹ́ amọ̀ àti koríko ńkọ́? Ta ló mọ ohun tójú wọn rí nígbà tí àwọn ìlú ńlá túká?’ Mi ò rí èsì fún un. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àbí àbá lásán ni ẹ̀yin awalẹ̀pìtàn ń dá?”

Ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí fi walẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Maya, ìyẹn Guatemala, Belize àti apá kan Mẹ́síkò àti Honduras, tí irú ìbéèrè yẹn ò wá sí wọn lọ́kàn. Ilé òrìṣà, ibojì ọba àti òkúta alákọsílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àfi ìgbà tó di àárín ọdún 1930 sí 1940 tí Robert Wauchope yà kúrò lójú ọ̀nà, tó lọ wa àwọn òkìtì kéékèèké tó wà ní Uaxactun ní Guatemala, tó sì tún ń wọ abúlé kiri láti wo bí àwọn Maya òde òní ṣe ń kọ́ ilé wọn, kó lè mọ ohun tó ń wò nínú ilẹ̀. Láàárín 1954 sí 1956, Gordon Willey kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ sí Barton Ramie, létí odò Belize. Òkìtì ilé 262 ni wọ́n kà níbẹ̀, ilé àwọn èèyàn lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Èsì mi ni pé a mọ̀ ọ́n, bí a ò tilẹ̀ mọ gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ka òkúta ọba nìkan, ẹ ó rò pé ayé Maya kàn parẹ́ ni. Òkúta tó kẹ́yìn ní Tikal, ìlú ọba ńlá kan ní Guatemala, ọdún 869 ló wà lára rẹ̀. Ti Toniná ní Mẹ́síkò, ọdún 909. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Akọ̀wé ọba ló dákẹ́ yẹn o. Ẹni tó ń roko ní ìrìn wákàtí kan sí ààfin kò fìgbà kan kọ̀wé rí, kò sí bí a ó ṣe fi òkúta mọ ọjọ́ tó kúrò nílé, tàbí bóyá ó kúrò rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí ọmọ náà ti mú ọ̀rọ̀: ilé alámọ̀ máa ń wó. Òótọ́ ni. Òrùlé á jẹrà, ikán á jẹ òpó, òjò á fọ amọ̀ padà sínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Maya kì í sábà kọ́ ilé sórí ilẹ̀ gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ kó òkúta àti erùpẹ̀ jọ di pèpéle kékeré, wọn á fi ẹfun tàbí amọ̀ tẹ́ ojú rẹ̀ kó dán, kí wọ́n tó gbé ilé lé e. Pèpéle yẹn kì í wó lọ. Ìyẹn ni òkìtì tí à ń rí nínú igbó. Tí a bá gé e wò, ilẹ̀ ilé lórí ilẹ̀ ilé ni a máa ń bá nínú rẹ̀, nítorí ìdílé kan náà a máa tún un tẹ́ látìgbàdégbà. Ibi tí òpó ti jẹrà, erùpẹ̀ ibẹ̀ á dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Òkúta ààrò mẹ́ta wà níbẹ̀ (àwọn náà mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù), ọlọ wà níbẹ̀, àpáàdì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ààtàn wà lẹ́yìn ilé. Àwọn àgbà ilé tó ti kú sì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wọn ń sùn lé, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Patricia McAnany àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní K’axob, ní àríwá Belize, rí ibi tí ìdílé ti ń sin òkú sábẹ́ ilé kan náà láti ìran dé ìran, títí ilé yẹn fi kúrò ní ibùgbé tó di ojúbọ.

Ibi tí ojú ò sì rí nǹkan kan, a máa ń bu erùpẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ tàbí da ìdọ̀tí sí fún ọdún pípẹ́, èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń pọ̀ sí i nínú erùpẹ̀ ibẹ̀, kì í sì í kúrò bọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ àgbàlá tí wọ́n ń gbá ní àràárọ̀ yàtọ̀ sí kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbá ìdọ̀tí náà lọ sí.

Ẹ má rò pé ilé àwọn àgbẹ̀ yìí kéré níye. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ tó fi ọkọ̀ òfurufú tan iná laser la igbó àríwá Guatemala kọjá, lórí ilẹ̀ tó lé díẹ̀ ní 2,100 kìlómítà níbùú lóòró, ka ilé àti òkìtì tó ju 61,000 lọ. Wọ́n wá fojú bù ú pé ní bíi ọdún 650 sí 800, èèyàn mílíọ̀nù 7 sí 11 ló ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Maya náà. Ọba mélòó ló wà nínú wọn?

Kí a tó sọ bí nǹkan ṣe yí padà, ó yẹ kí a mọ bí ilé àgbẹ̀ ṣe rí ní ọjọ́ lásán, ọjọ́ tí ohunkóhun kò tíì ṣẹlẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ hàn wá kedere: Joya de Cerén, ní El Salvador. Lọ́dún 1976, katakata tó ń gẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkó-ọkà-pamọ́ sí ló gba ògiri amọ̀ kan. Ògiri náà le, ó dúró ṣinṣin débi pé wọ́n kọ́kọ́ rò pé ilé àìpẹ́ yìí ni. Nígbà tí Payson Sheets ti Yunifásítì Colorado dé ibẹ̀ lọ́dún 1978, tí wọ́n sì yẹ ọjọ́ orí koríko òrùlé rẹ̀ wò, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Òkè ayọnáyèéfín kékeré kan, Loma Caldera, tí kò ju nǹkan bí 600 mítà lọ sí abúlé náà, ló bú gbàù láàárín ọdún 600 sí 660 tàbí lágbègbè rẹ̀. Eérú gbígbóná bo gbogbo ibẹ̀, mítà 4 sí 6 ló jìn. Wọn ò tíì rí òkú èèyàn kankan nínú àwọn ilé náà. Ó jọ pé àwọn ará abúlé ráyè sá. Ẹrù ni wọn ò ráyè kó. Àwo oúnjẹ alẹ́ wà nílẹ̀ láìfọ̀, ojú ìka tí wọ́n fi nu oúnjẹ ṣì wà nínú àwọn kan. Àgbàdo ti gbó lóko, wọ́n ti tẹ pòpórò rẹ̀ kọ́ kí ó lè gbẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí Sheets gbà pé oṣù Ògọ́ọ̀sì ni, ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n tó tẹ́ ẹní sílẹ̀ láti sùn. Wọ́n so pẹ́pẹ́yẹ kan mọ́ inú ilé ẹrù. Eku wà nínú koríko òrùlé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ Cerén yìí. Wọ́n ní abẹ obsidian, òkúta dúdú tó ń dán bí gíláàsì, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ irin lọ. Inú koríko òrùlé ni wọ́n ń fi í há sí. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ kékeré rí á mọ ìdí rẹ̀.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ fún oorun, ilé ẹrù lọ́tọ̀, ilé ìdáná lọ́tọ̀. Ìkòkò àti àwo tó wà lọ́wọ́ ìdílé kan tó bíi 70, ó sì tó ìdá kan nínú márùn-ún wọn tó jẹ́ aláràbarà, tí wọ́n rà láti ọ̀nà jíjìn. Àáké òkúta aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀. Abúlé ni o, ẹ má gbàgbé. Ilé kan wà tí gbogbo abúlé ń lò fún ìpàdé, òmíràn wà fún ọdún òrìṣà tí agbárí àgbọ̀nrín wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ olóoru kan sì wà tí wọ́n ń dáná sínú rẹ̀ kí ara lè làágùn. Ìdílé tó ń tọ́jú ilé ọdún òrìṣà yẹn ní ọlọ ju ti ẹni tó ń lọ oúnjẹ ilé ara rẹ̀ lọ, tó fi hàn pé wọ́n ń lọ àgbàdo fún àwọn èrò.

Lóko wọn, ibi tí ewéko ti jẹrà fi ihò sílẹ̀ nínú eérú. Àwọn awalẹ̀pìtàn da ẹfun tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò sínú ihò náà, ó gan, ó wá di àwòrán àgbàdo pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lára. Lọ́dún 2007 wọ́n tún bá oko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ebè ńláńlá, tí ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u tán, tí wọ́n sì ti gbin òmíràn sí i, ní ọjọ́ tí òkè bú. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ ti wá. Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ sọdá òkun wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà lónìí, ara ẹrù àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún ló ń jẹ.

Àwọn kan á ní Cerén wà létí ààlà, pé bóyá àwọn tó gbé ibẹ̀ kì í ṣe Maya pọ́ńbélé. Àríyànjiyàn náà wà lóòótọ́. Ohun tí mo ń lo Cerén fún kò sinmi lórí ìyẹn: ó ń jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ń pàdánù níbòmíràn. Ìgbà tí ìdílé bá fẹ́ kó kúrò nílé ní ìrọ̀rùn, wọn á kó igbá, ẹní, àwo dáadáa, abẹ àti aṣọ lọ. Ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ni àpáàdì àti ọlọ tó ti jẹ tán. Tí mo bá wá bá ilé tó ṣófo báyìí, mi ò gbọdọ̀ sọ pé òtòṣì ló gbé ibẹ̀. Ẹni tó ráyè palẹ̀ ẹrù mọ́ ló gbé ibẹ̀. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, a ó padà sí i.

Ní báyìí, ẹ bá mi ká lọ sí Chan, ní ìwọ̀ oòrùn Belize. Cerén jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Chan jẹ́ ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Láti nǹkan bí ọdún 800 ṣáájú ìbí Krístì títí di 1200 lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ fi gbé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Cynthia Robin ti Yunifásítì Northwestern ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Agbolé 274 ni wọ́n rí, pẹ̀lú ògiri òkúta 1,223 tí àwọn àgbẹ̀ fi dá ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dúró ní ìpele-ìpele kí àgbàrá má baà gbá ilẹ̀ ọ̀rá lọ. Nígbà tí Chan kún jù, èèyàn bíi ẹgbẹ̀rún kan ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn ògiri yẹn ṣe wà. Wọ́n so mọ́ ilé. Ìdílé kan á mọ díẹ̀, ọmọ á mọ kún un, ọmọ-ọmọ á tún fi òkúta dí ibi tó ya. Kò sí ibi tó jọ pé ọba kan ló wá wọn ilẹ̀ náà tó sì fi túláàsì kó èèyàn síbẹ̀. Ilé tó kéré jù lọ ní Chan ní abẹ obsidian, tó ti òkè Guatemala wá. Àwọn ìdílé kan ń gbẹ́ òkúta, àwọn kan ń fi ìkarahun òkun ṣe ìlẹ̀kẹ̀, oko sì wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Nǹkan bíi kìlómítà 4 sí Chan ni ìlú Xunantunich wà, tó dìde di alágbára lẹ́yìn ọdún 600, tó kọ́ ilé gíga kan tó bíi 40 mítà. Ilé tó ga jù ní Chan kò tó mítà 6. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: Xunantunich dé, ó jẹ gàba fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀rúndún kẹsàn-án tó parí, ó ti dahoro. Chan ti wà níbẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ kí Xunantunich tó gbérí, àwọn díẹ̀ sì ṣì ń dáná níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tó wó.

Kí ló fà á? Wọ́n yẹ èédú inú ààrò Chan wò láti mọ irú igi tí wọ́n ń dá. Títí di ìgbà tí àwọn ìlú ńlá ń wó ni igi sapodilla, igi líle inú igbó ńlá, ṣì wà nínú èédú wọn. (Ara oje igi yẹn ni wọ́n ti ń ṣe ṣingọ́ọ̀mù nígbà kan.) Ní Tikal, David Lentz àti ẹnìkejì rẹ̀ yẹ igi tó wà lókè ẹnu-ọ̀nà àwọn ilé òrìṣà wò: lẹ́yìn ọdún 741 wọn ò rí sapodilla ńlá mọ́, igi mìíràn tó wọ́, tó kéré, ni wọ́n ń lò. Àwọn ọba ti gé igbó wọn tán. Àwọn àgbẹ̀ Chan ṣì ní tiwọn.

Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ Chan ṣe bí ẹni pé ọgbọ́n àgbẹ̀ borí gbogbo nǹkan. Mo gba púpọ̀ nínú ohun tí Robin kọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé Chan náà ṣófo nígbẹ̀yìn. Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni ilé tí iná ń jó nínú rẹ̀ ti ń dín kù. Ẹni tó pẹ́ ju ọba lọ lè ti jìyà ju ọba lọ náà. A ò kàn rí ìyà kà lára àpáàdì ni.

Báwo la wá ṣe ń rí ìyípadà yẹn nínú ilé? Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ ilé tí wọ́n ń tún tẹ́ láti ìran dé ìran, wọn ò tẹ́ ẹ mọ́. Èyí tó kẹ́yìn gbó, ó sán, ẹnikẹ́ni ò fi ẹfun tuntun bò ó. Wọn ò sin òkú tuntun síbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ìdọ̀tí á dé ibi tí wọn ò jẹ́ da ìdọ̀tí sí tẹ́lẹ̀, nínú yàrá. Ìyẹn ló máa ń fa ìjà láàárín wa, nítorí ìdọ̀tí inú yàrá lè jẹ́ ti alárìnká tó wá forí pamọ́ síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìkòkò tí àwọn onílé fúnra wọn mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ dà sílẹ̀ láti fi dágbére fún ilé, bí àṣà wọn. Ẹ̀rí méjèèjì a máa jọra gan-an.

Ẹ fi wé Aguateca ní Guatemala. Ibẹ̀ ni ogun ká àwọn ìjòyè mọ́lé ní nǹkan bí ọdún 810. Ilé jó, gbogbo ẹrù wà níbẹ̀, ohun èlò àwọn akọ̀wé pàápàá ń bẹ lórí ilẹ̀ níbi tí Takeshi Inomata ti bá wọn. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé oko, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ṣófo. Ibi tí mo ní kí ẹ di gbólóhùn kan mú nìyí: wọ́n ráyè di ẹrù. Ìdílé kan lọ lọ́dún yìí, àbúrò ọkọ ní òun ò lọ, ó kú sídìí oko, àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó ti lọ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe máa ń rò ó nìyẹn, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí àpáàdì ń sọ fún wa kò já geere tó bẹ́ẹ̀. Irú ìkòkò kan lè wà lóde fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló dá ìjà tó gbóná jù sílẹ̀, ní Copán, ní Honduras. Ọba Yax Pasaj jẹ lọ́dún 763. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹnìkan tún gbìyànjú àti jọba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkúta rẹ̀ lọ́dún 822, wọn ò gbẹ́ ẹ tán. Òkúta yẹn wà níbẹ̀ dòní, ẹ̀gbẹ́ kan ní àwòrán, ìyókù sì dán bọ̀rọ́. Kí wá ni àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Copán ṣe? David Webster àti AnnCorinne Freter ní wọn ò lọ síbì kankan, pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dín kù títí di bíi ọdún 1200. Ohun tí wọ́n gbára lé ni omi tó ń wọ ara obsidian: bí ó bá ṣe pẹ́ tí wọ́n la abẹ náà tó ni omi ṣe ń wọ inú rẹ̀ tó, tí a bá wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, a lè ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n kó jọ, púpọ̀ nínú wọn láti ilé oko.

Geoffrey Braswell kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ooru àti ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ń yí ìṣirò náà po. Kam Manahan wá lọ wa ibi kan nítòsí ààfin àtijọ́, ó bá ilé àwọn kan tó wá ń gbé ibẹ̀ lẹ́yìn tí ìlú ti wó. Pèpéle ilé wọn rẹlẹ̀. Òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n yọ lára ilé àwọn ọba ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Ìkòkò wọn yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí. Lójú Manahan, àlejò ni wọ́n, àwọn onílẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ sì ti wà ní òfìfo fún ìgbà kan láàárín wọn.

Èmi gbè sẹ́yìn Manahan ní ti pé àlejò ni àwọn tó wà nítòsí ààfin. Ẹni tí bàbá rẹ̀ gbé Copán kò ní jí ọjọ́ kan kí gbogbo bí ó ṣe ń mọ ìkòkò yí padà. Ṣùgbọ́n kí a ti ìyẹn sọ pé gbogbo àfonífojì ṣófo láàárín ìran kan, mi ò tíì rí ẹ̀rí tó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tálákà tí kò mọ pèpéle, tí wọ́n kọ́ ilé sórí ilẹ̀ lásán, kì í fi òkìtì sílẹ̀. Wọ́n lè ti wà níbẹ̀, kí àwa máa gba orí wọn kọjá.

Ọ̀dá ńkọ́? Ó ṣẹlẹ̀, kò sí àní-àní. Lọ́dún 1995 David Hodell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún Chichancanab ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, wò, wọ́n rí i pé láàárín 800 sí 1000 ni ilẹ̀ gbẹ jù láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Lọ́dún 2018, wọ́n tún fi ẹrẹ̀ adágún kan náà ṣírò rẹ̀ pé òjò ọdọọdún dín kù ní ìdá 41 sí 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Àgbẹ̀ tí òjò rẹ̀ dín kù tó ìdajì kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìlú tó gbẹ jù, ní àríwá Yucatán, ni ó gbèrú ní sáà kan náà. Chichén Itzá wà lára wọn. Ọ̀dá nìkan kò lè jẹ́ ìdáhùn. Ẹni tó ń ra iyọ̀ etí òkun tó sì ń ra obsidian òkè, ọjọ́ tí àwọn ọjà tó so wọ́n pọ̀ bá tú, ilé rẹ̀ á mọ̀ ọ́n kí òjò tó dá. Àwọn tó ń se iyọ̀ ní Paynes Creek, ní gúúsù Belize, fi ibùdó wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn ìlú àárín ilẹ̀ tó ń ra iyọ̀ wọn wó.

Ibo ni wọ́n lọ? Sí etí àwọn adágún Petén ní àríwá Guatemala, sí etí òkun, sí àríwá. Lamanai ní Belize kò tilẹ̀ túká rárá, àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀ nígbà tí àwọn Sípéènì dé. Àwọn ọmọ wọn wà dòní, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ní Guatemala, Mẹ́síkò àti Belize, wọ́n ń sọ èdè Maya bíi ọgbọ̀n. Ẹ yọ gbólóhùn “àwọn Maya pòórá” kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyípadà kejì ni ti àwọn Sípéènì, ó sì hàn lábẹ́ ilẹ̀ ilé kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Diego de Landa, àlùfáà tó sun ìwé àwọn Maya níná ní Maní lọ́dún 1562, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé inú ilé tàbí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sin òkú sí, wọ́n á sì fi àgbàdo lílọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ lọ sí Tipu ní Belize, níbi tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Elizabeth Graham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá òkú tó ju 500 lọ nínú àti láyìíká ṣọ́ọ̀ṣì náà, orí sí ìwọ̀ oòrùn, ẹsẹ̀ sí ìlà oòrùn, bí ti Kírísítẹ́nì. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ilẹ̀ Yúróòpù wà lọ́rùn àwọn ọmọdé kan. Òkú ti kúrò nílé. Àwọn ará Tipu kan náà yìí ló dìde sí àwọn Sípéènì lọ́dún 1638, tí wọ́n lé wọn lọ, tí àlùfáà kankan ò sì bá wọn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1707 ni ìjọba Sípéènì kó wọn ní túláàsì lọ sí etí adágún Petén Itzá.

Ní Yucatán, k’óoben ni wọ́n ń pe ààrò olókùúta mẹ́ta, àwọn kan sì ń dáná lé e títí di ọjọ́ òní.

Ní ti ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ rán an níṣẹ́ fún mi. Kí ó wá ilé alámọ̀ kan tó ti wó pátápátá ní àdúgbò yín, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó má hú nǹkan kan, kí ó kàn ya ohun tó bá rí: ibi tí ilẹ̀ ti dúdú, òkúta ààrò, àpáàdì, ibi tí ewé ti hù yàtọ̀. Kí ó wá kọ ọ́ sílẹ̀, láìbi àgbà kankan, iye yàrá tó rò pé ó wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń dáná. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó lọ bi àgbà tó mọ ilé náà nígbà tó ṣì dúró. Màá fẹ́ mọ iye ohun tó gbà.